Yàrá Òfìfo Tí Ọ̀gá Fẹ́ Kọ Lẹ́tà Ìyìn Fún

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé owó ni wọ́n ń san fún bàbá yẹn láti máa wo ògiri?"

Obìnrin tó wá wọn fèrèsé wa fún kọ́tìnnì ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Ó ti wọn fèrèsé mẹ́fà tán, ó ń ká téèpù rẹ̀ mọ́wọ́. Ní gbogbo wákàtí tó fi wà lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin tó ń béèrè nípa rẹ̀ kò ṣe ju kó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, kó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri, kó sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ dídùn sí létí.

N kì í yára dáhùn ìbéèrè. Mo rò ó wò, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ń san án."

Ó ní, "Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá àyè kan ṣì kù."

Àyè kankan kò kù, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ti bá ọkùnrin náà jókòó nínú yàrá kan náà fún ọdún mẹ́sàn-án, n kò sì tíì rí ẹni tó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ kó yé ará ìta. Mo fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ níbí, láìsáré.

Bàbá Mítà là ń pè é. Kó tó di ará ọ̀dọ̀ wa, ó fi ọdún mọ́kàndínlógún ka mítà omi láti ilé dé ilé. Ó mọ gbogbo ajá àdúgbò lórúkọ, àwọn ajá náà sì mọ ohùn bàtà rẹ̀. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ó gbé e wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn, ó sì kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó ń rán aṣọ ilé-ìwé, sọ fún mi pé ní gbogbo oṣù yẹn, òun rò pé ọkọ òun ti fẹ́ ẹlòmíràn. Ó ní, "Ìgbà tí mo já ilẹ̀kùn wọlé, tí mo rí i pé ẹ̀rọ ni, inú mi tún bàjẹ́ sí i. Ká ní obìnrin ni, mo mọ ibi tí ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìjà."

Àwàdà rẹ̀ kì í mọ níwọ̀n. Nígbà tí wọ́n gba aṣọ́nà tuntun sẹ́nu géètì, ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ kìlọ̀ fún un pé ẹ̀rọ ńlá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá lẹ́nu ọ̀nà òun láìkí òun. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni aṣọ́nà fi ń ṣí fìlà níwájú ilẹ̀kùn yẹn láràárọ̀, tó ń wí pé, "Ẹ káàárọ̀ mà." Nígbà tó gbọ́ òtítọ́, ó bínú fún odidi ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì ó tún kí ẹ̀rọ náà. Ó ní bí òun ṣe ń kí i yẹn, ara òun ti ń yá sí i.

Ẹ̀rọ tí mo ń wí yìí la fi ń jẹun. Ilé iṣẹ́ wa ń bá àwọn ilé ìwòsàn àti ilé ìgbẹ̀bí tọ́jú ètò wọn, orí ẹ̀rọ kan ṣoṣo yìí ni gbogbo rẹ̀ sì wà. Ìyá ẹ̀rọ là ń pè é. A pín inú rẹ̀ bí ilé sí yàrá méjìlá. Àwọn tó mọṣẹ́ yìí ń pe irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní kọ̀ntẹ́nà. Ètò kan ń gbé inú kọ̀ntẹ́nà kan, oúnjẹ tirẹ̀, ìyẹn mẹ́mọ́rì tí wọ́n ń fi gíìgì wọ̀n, ló ń jẹ, kò sì gbọ́dọ̀ na ọwọ́ sí àwo aládùúgbò. Iṣẹ́ Bàbá Mítà ni láti mọ bí ara ìyá ẹ̀rọ ṣe rí àti bí ara yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe rí, kó má sì pe ọ̀kan ní èkejì. Ó dùn-ún sọ lẹ́nu.

Iṣẹ́ tèmi ni ìwé. Ẹnikẹ́ni tó bá yí ohunkóhun padà lára ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tó wà lórí tábìlì mi, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè mí ní Màmá Ìwé.

Ẹnì kẹta nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Ìyàwó. Ọ̀sẹ̀ tó ṣègbéyàwó gan-an ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ti bímọ mẹ́ta báyìí, Ìyàwó là ń pè é síbẹ̀. Òun ló kọ ètò tó ń sọ fún ilé ìgbẹ̀bí méje pé bẹ́ẹ̀dì báyìí ti ṣófo, bẹ́ẹ̀dì báyìí lẹ́ni. Ètò tó dára ni. Àmọ́ lójijì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú láràárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ọ̀gá wa máa ń sọ pé aago mẹ́sàn-án ló ń kú. Kì í ṣe aago mẹ́sàn-án. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Yóò kú, yóò wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò tún jí. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, tẹlifóònù ọ́fíìsì wa kì í sinmi.

Olórí agbẹ̀bí kan pè ní ọjọ́ Ajé, èmi ni mo gbé e. Ó ní, "Màmá Ìwé, obìnrin mẹ́ta ló dúró lójú ọ̀nà níbí, ẹ̀rọ yín sì ti dákẹ́. Mi ò mọ bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo. Ṣé kí n sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n ní sùúrù ni?"

Ó ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹta nígbà yẹn. Ọ̀gá pe Ìyàwó síwájú tẹlifíṣọ̀n ńlá náà lójú gbogbo wa. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni Ọ̀gá, ó sì fẹ́ràn tẹlifíṣọ̀n yẹn bí ojú. Òun ló ní kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri, kí ìlà tó ń sọ ohun tí yàrá méjèèjìlá ń jẹ lè máa hàn lójú rẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Ó ní, "Wò ó fúnra rẹ. Gíìgì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mẹ́mọ́rì tó wà nínú ilé yìí. Wọn ò tíì jẹ ìdajì rẹ̀. Àyè wà, oúnjẹ wà, ètò tìrẹ nìkan ló ń dá kú. Àìsàn rẹ̀ ni. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, Ìyàwó, mo sì ti là tèmi sílẹ̀. Tó bá tún kú láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́."

Ìyàwó padà sídìí tábìlì rẹ̀. Ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wa gan-an. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lójú omi, ó ń pẹ́ oṣù mẹ́rin kó tó wálé. Iṣẹ́ ọ̀dọ̀ wa nìkan ló lè ṣe kó tún rí àyè sáré lọ mú àwọn ọmọ ní aago méjì. Tí iṣẹ́ yìí bá bọ́, kó kó wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ ló kù, ìrìn ọjọ́ kan sí ibi tá a wà. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́rú, lẹ́yìn tí ètò náà ti kú tó sì ti jí, Bàbá Mítà wọ́ àga rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Ìyàwó.

"Ìyàwó, kí ló dé tó o fi lejú mọ́ kọ̀ǹpútà bí ìyáálé tó rí orogún?"

"Bàbá Mítà, ẹ má bá mi ṣeré lónìí. Mo ti ka ètò yìí látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Mi ò rí ibi tó ti ń ṣàìsàn."

"Ó dáa. Wọ inú yàrá rẹ̀ lọ. Bi í pé mẹ́mọ́rì mélòó ló wà níbẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. "Ó ní gíìgì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta."

"Jáde níbẹ̀. Wọ yàrá ètò ìsinmi òṣìṣẹ́, kékeré yẹn. Bi òun náà."

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta."

"Ti ètò tó ń ka ẹni tó wọlé ní géètì ńkọ́?"

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta." Ìka rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì. "Bàbá Mítà, yàrá méjìlá ló wà nínú ilé yìí. Kò ṣeé ṣe kí gbogbo wọn ní mẹ́rìnlélọ́gọ́ta."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ọpọlọ ti dé." Ó fi ọwọ́ pa orúnkún. "Ilé kan wà tí mo máa ń ka mítà rẹ̀ láyé àtijọ́. Ayálégbé mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Mítà ńlá kan wà lẹ́nu géètì, mítà kékeré sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, níbi tí aláǹgbá ń yé sí. Onílé kì í bẹ̀rẹ̀ wo kékeré. Tí mítà géètì bá ti ń sáré, ẹnu ọ̀nà onígbàjámọ̀ ló máa lọ pariwo: 'Ìwọ lò ń fi omi mi ṣòfò!' Oṣù tí mò ń sọ yìí, onígbàjámọ̀ ti rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ilẹ̀kùn tó ti pa ni bàbá yẹn ń bá jà."

"Ta wá ló ń lo omi?"

"Páìpù onílé fúnra rẹ̀ ló bẹ́. Ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ kó o mú níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó o mú ni pé, tó o bá dúró nínú yàrá tó o béèrè bí nǹkan ṣe tó, ilé ló máa dá ọ lóhùn, kì í ṣe yàrá. Mítà géètì lò ń kà. Tẹlifíṣọ̀n Ọ̀gá náà, mítà géètì ló ń kà, ó kàn ń kọ orúkọ yàrá sí i lórí ni."

Lẹ́yìn náà ló fi ibi tí mítà kékeré wà hàn án. Ìyá ẹ̀rọ ní fáìlì kékeré kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan, níbi tó ń kọ ohun tí yàrá náà jẹ gan-an sí àti ibi tí wọ́n ní kó má kọjá. Wọ́n ṣí ti yàrá Ìyàwó. Ohun mẹ́ta ni mo rí níbẹ̀ tí mo dà kọ. Ibi tí kò gbọ́dọ̀ kọjá: gíìgì méjì. Èyí tó pọ̀ jù tó jẹ rí: gíìgì méjì. Iye ìgbà tí ìyá ẹ̀rọ ti pa á nítorí pé ó fẹ́ kọjá rẹ̀: mẹ́tàlá.

Ìyàwó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Méjì péré? Bàbá Mítà, tí ètò mi bá jí, ó máa ń kọ́kọ́ béèrè bí ilé ṣe tóbi tó, kó tó tẹ́ ẹní. Ìdámẹ́rin ohun tó bá rí ló máa ń mú."

"Ìdámẹ́rin mẹ́rìnlélọ́gọ́ta?"

"Mẹ́rìndínlógún."

"O tẹ́ ẹní mẹ́rìndínlógún sínú yàrá méjì! Tí ilé ìgbẹ̀bí bá ti ṣí laago mẹ́sàn-án, tí ẹní bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ògiri ló máa fi orí gbá."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n óò gbọ́ ẹ̀rín Ìyàwó láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó béèrè pé, "Ta ló kọ méjì síbẹ̀?"

Bàbá Mítà na àtàǹpàkò sí ọ́fíìsì Ọ̀gá. "Ta ni ì bá tún jẹ́? Òun ló pàṣẹ pé kí wọ́n fi ìwọ̀n sí gbogbo yàrá, nígbà tí ètò kan fẹ́ jẹ gbogbo ilé tán lóṣù tó kọjá. Ahun! Ẹ gbọ́, Màmá Ìwé, àbí irọ́ ni mo pa?"

Mo wo orí tábìlì mi. Ìwé kò sí níbẹ̀, àwọn tó ń yẹ ìwé wò ti gbé e lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ní àárọ̀ Jímọ̀ làwọn yóò dá a padà. Ohun tí n kò bá rí kà, n kì í bá ẹnikẹ́ni dá sí i.

Àwọn méjèèjì wọlé tọ Ọ̀gá lọ. Ilẹ̀kùn kò pa dé, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ṣé tẹlifíṣọ̀n mi wá ń purọ́ ni?" Ọ̀gá ló ń sọ̀rọ̀. "Ẹ jáde síta kẹ́ ẹ lọ wò ó. Ìlà méjìlá! Wọ́n jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀, bí ọmọ iléèwé tó ń ka álífábẹ́ẹ̀tì. Ìṣọ̀kan nìyẹn. Ẹnì kan péré ló ń ba ìṣọ̀kan jẹ́ nínú ilé yìí."

"Ọ̀gá, ohun tó mú kí wọ́n jọ máa gòkè ni pé ohun kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ ti ya àwòrán ilé lẹ́ẹ̀méjìlá."

"Mítà, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá. Orí ara rẹ̀ ló ń ṣọ́. Alákàn tó bá ń ṣọ́ orí aládùúgbò, inú ìṣasùn ni yóò ti lajú."

Ọ̀gá ní kí wọ́n jáde.

Mo rò pé Bàbá Mítà yóò bínú. Kò bínú. Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́. Ara mi kò balẹ̀.

Ní kùtù ọjọ́bọ̀, ó fi ìwé pélébé kan há abẹ́ kọ́ọ̀pù tíì mi, torí ìwé ńlá kò sí nílé. Ohun tó kọ síbẹ̀ rèé: "Aago méje kọjá ìṣẹ́jú ogún. Mo ti fi yàrá kẹtàlá kún un. Òfìfo ni. Mo ní kó máa sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni títí dìgbà tíì." N kò rí òfin tó ní kí n sọ, mo fi ìwé náà pamọ́.

Ní aago mẹ́wàá, Ọ̀gá jáde pẹ̀lú kọ́ọ̀pù tirẹ̀ lọ́wọ́. Ètò Ìyàwó ti kú, ó ti jí, ìgbà kẹrìnlá nìyẹn. Ọ̀gá kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ lọ sórí ìlà tuntun kan nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n kọ "Òṣìṣẹ́ Takuntakun" sí lórí.

"Èwo lèyí?"

"Ọmọ tuntun ni, Ọ̀gá," Bàbá Mítà dáhùn. "Àárọ̀ yìí ló dé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Ọ̀gá sún mọ́ ọn. "Ẹ wo agbára! Ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ méjìdínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún! Ó ti gbé gíìgì mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Kò wá kú láàárọ̀ yìí?"

"Kò kú rárá, Ọ̀gá. Kò tiẹ̀ yí ẹ̀gbẹ́ padà."

"Ìyàwó! Wá wo ẹgbẹ́ rẹ. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Mítà, ta ló kọ ètò yìí? Màmá Ìwé, ẹ bá mi mú pẹ́ẹ̀nì. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà ìyìn sí ẹni náà. Kí ni ètò náà ń bá wa ṣe gan-an?"

"Oorun ni, Ọ̀gá."

"Kí ni?"

"Oorun ló ń sùn. Kò sí nǹkan kan nínú yàrá yẹn. Látàárọ̀ ló ti ń sùn, kódà mo bọ̀wọ̀ fún un, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo." Bàbá Mítà dìde, ó ṣí fáìlì kékeré ti yàrá kẹtàlá sójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Mítà kékeré tirẹ̀ nìyí. Iṣẹ́ tó ṣe: òdo. Ohun tó jẹ: kò kún ẹnu eèrà. Ti gbogbo ilé ni èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fi lẹ́tà yìn."

Aṣọ́nà, tó wá bu omi mu, rẹ́rìn-ín, ó rántí ara rẹ̀, ó sọ ọ́ di ikọ́. Ikọ́ náà pẹ́ díẹ̀.

Ọ̀gá gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ òtítọ́ nípa ọkùnrin yìí: kì í ṣe òmùgọ̀. Ó wo òdo yẹn, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó tún wo òdo. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ fi ti Ìyàwó hàn mí."

Wọ́n fi hàn án. Méjì, méjì, mẹ́rìnlá. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló kọ méjì síbẹ̀?"

Gbogbo ojú ló lọ sára Ọ̀gá. Bàbá Mítà ló kọ́kọ́ lanu, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀gá, ìwé ń bọ̀ lọ́la. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ ọ́, ẹ jẹ́ kó dìde ní ìpàdé, kó bẹ Ìyàwó lójú gbogbo èèyàn. Kó má sì jókòó títí Ìyàwó yóò fi sọ pé òun ti gbọ́."

"Mo gbà," ni Ọ̀gá wí. Etí rẹ̀ ti pọ́n. "Tó bá jẹ́ èmi, màá dìde. Àmọ́ ti Jímọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ti ní ẹ mọ ohun tó ń ṣe é, ẹ wò ó sàn. Tó bá kú lọ́la, ẹjọ́ mítà ò kàn mí mọ́."

Wọ́n ṣiṣẹ́ náà tán kí Ìyàwó tó lọ mú àwọn ọmọ. Bàbá Mítà sún ògiri yàrá náà láti méjì sí ogún. Ìyàwó yí ètò rẹ̀ padà, kó má bi ilé léèrè mọ́, mítà kékeré ni kó máa kà kó tó tẹ́ ẹní. Wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé pélébé fún mi, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, èèyàn mẹ́tàdínlógún dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n kan. Ìyàwó kò dúró níbẹ̀, òun jókòó sórí àga rẹ̀, ó fi báàgì sórí ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Aago mẹ́sàn-án lù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo ń wo aago ọwọ́ mi, n kò gbẹ́kẹ̀ lé ti ògiri. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Tẹlifóònù dún, Ìyàwó sì pa ojú dé.

Mo gbé e. Olórí agbẹ̀bí ni. Ó ní, "Màmá Ìwé, kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ̀rọ yín ò mà dákẹ́ lónìí. A ti gbé omi tíì kaná de ìgbà tó máa dákẹ́ o."

Nígbà tí mo tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún wọn, ariwo tó sọ ní ọ́fíìsì yẹn, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ìyàwó gbé báàgì kúrò lórí ẹsẹ̀. Ọ̀gá kàn mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ó dúró. Iṣẹ́ rẹ dúró." Ó sì wọ ọ́fíìsì lọ.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni wọ́n dá ìwé padà, ìpàdé sì jẹ́ aago mẹ́wàá. Mo ṣí i sí Jímọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí ètò náà kọ́kọ́ kú. Àṣẹ Ọ̀gá wà níbẹ̀, wọ́n fi píìnì so ó: "Ẹ fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tó tọ́ sí i." Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà kọ̀wé sí, mo sì mọ ọwọ́ náà kí n tó ka ọ̀rọ̀. Bàbá Mítà ti ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́.

"Màmá Ìwé, ẹ ti rí i? Ẹ jẹ́ kí n ka orúkọ Ọ̀gá kí ojú mi gbádùn."

Mo sún ìwé náà sí i. Ó kà á: "Méjì-méjì fún gbogbo yàrá méjèèjìlá. Ti ilé ìgbẹ̀bí kò ní tó o. Màá tún un ṣe lọ́la." Orúkọ rẹ̀ ló tẹ̀lé e, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.

Ẹ̀rín rẹ̀ kò kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí omi bá ń fà nínú bókẹ́ẹ̀tì tó lu.

"Màmá Ìwé."

"Mò ń gbọ́."

"Ṣé ewúrẹ́ ò lè jẹ ojú ewé kan báyìí?"

"Ewúrẹ́ kì í wọ ọ́fíìsì."

"Tí tíì bá ṣèèṣì dà sí i ńkọ́?"

"Tí tíì bá dà sí i, màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé tíì dà sí i. Màá kọ orúkọ ẹni tó dà á."

Ó wò mí títí. "Ẹ ò ṣeé fẹ́, mà," ó ní. "Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ẹ gbé e fún mi."

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà lọ sípàdé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà yẹn yàtọ̀ sí èmi. Ó lè ka àṣẹ Ọ̀gá nìkan, kó pa ìwé dé, gbogbo ilé ì bá sì gbà á gbọ́. Mo wà níbẹ̀, n kò sì ní gbà kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ọ̀dọ̀ mi kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ka gbogbo rẹ̀ sókè ketekete, láti àṣẹ Ọ̀gá títí dé "lọ́la". Ọ̀gá mú áńkáṣífù jáde, ó fi bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Aṣọ́nà kò wúkọ́ mọ́, ó rẹ́rìn-ín rẹ̀ gbangba.

Bàbá Mítà kọjú sí Ìyàwó. "Èmi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ, èmi náà ni mo tún ń bá ọ wá kọ́kọ́rọ́ káàkiri. Mo tún bú Ọ̀gá lé e. Ìyàwó, jọ̀ọ́, má bínú."

Ìyàwó ká apá mọ́yà. Ó wò ó láti orí dé bàtà, bí ẹni tó ń ka mítà.

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní, má bínú."

"Mi ò gbọ́."

Ó gbé ohùn sókè. "Mo ní, jọ̀ọ́, má bínú!"

"Ìyẹn ti gbogbo ilé ni," Ìyàwó wí, ojú rẹ̀ kò sì mì. "Gbogbo ilé ti gbọ́ tiwọn. Tèmi ni mi ò tíì gbọ́."

Bàbá Mítà dúró títí ìpàdé fi parí. Ó dúró jẹ oúnjẹ ọ̀sán, ó fi kọ́bọ́ọ̀dù ṣe àfẹ̀yìntì, àwo rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Nígbà tí Ìyàwó mú àwọn ọmọ dé ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wo orúnkún bàbá náà, àánú díẹ̀ sì ṣe é.

Ó ní, "Bàbá Mítà, ẹ jókòó. Mo yá yín ní àga ni o. Mi ò tíì gbọ́."

Ọdún mẹ́rin rèé. Bàbá Mítà ti bẹ̀ ẹ́ lórí tẹlifóònù, ó ti rán àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i, ó ti jẹ́ kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ "má bínú" jáde ní ojú ìwé ogójì. Ìyàwó a dúpẹ́, a sì ní òun kò tíì gbọ́. Òun nìkan ni bàbá náà kò dán àwàdà wò lára rẹ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn, òun nìkan náà ni bàbá náà ń kọ́kọ́ ka mítà kékeré tirẹ̀ láràárọ̀, kó tó bọ́ bàtà òde rẹ̀. Mo bi Ìyàwó lọ́jọ́ kan pé ìgbà wo ni yóò wá gbọ́.

Ó ní, "Màmá Ìwé, ẹni tó jẹ yín ní irú gbèsè báyìí, ṣé ẹ máa gbà kó san án?"

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Bàbá Mítà sì ń jẹ gbèsè náà síbẹ̀.